Gloomhaven: bí káàdì ọwọ́ ṣe ń ka ọjọ́ fún akọni

Nínú Gloomhaven, eré orí tábìlì tí Isaac Childres ṣe, tó jáde lọ́dún 2017, kò sẹ́ni tó ń bá ẹnìkejì du ipò kìíní. Ẹnì kan sí mẹ́rin ló lè ta á. Wọ́n jọ ń wọ ihò abẹ́ ilẹ̀ lọ bá ẹ̀dá abàmì jà ni. Akọni kọ̀ọ̀kan ní ère oníke kékeré tirẹ̀. Páálí tí wọ́n gbé nàró ni àwọn ọ̀tá. Kò sí dáìsì bíi ti lúdò níbẹ̀.

Ní ìyípo kọ̀ọ̀kan, olúkúlùkù á yan káàdì méjì nínú èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìjà ló sábà máa ń wà lápá òkè káàdì, ìrìn lápá ìsàlẹ̀. Òkè ọ̀kan àti ìsàlẹ̀ èkejì lèèyàn máa lò. Nọ́ńbà àárín ọ̀kan nínú wọn ló ń sọ ẹni tó máa ṣáájú: èyí tó bá kéré jù ló ń kọ́kọ́ lọ. Wọ́n lè sọ pé “màá tètè ṣe”, àmọ́ òfin ò gbà kí wọ́n pe nọ́ńbà náà síta. Ìgbà tí gbogbo wọn bá ti yàn tán ni wọ́n tó ń ṣí káàdì àwọn ọ̀tá.

Tí káàdì ọwọ́ bá tán, akọni á sinmi, á kó èyí tó ti lò padà, ṣùgbọ́n ọ̀kan á bá ìsinmi náà lọ. Akọni tó ń jẹ́ Brute ń fi káàdì 10 bẹ̀rẹ̀, èyí tó ń jẹ́ Spellweaver ń fi 8 péré. Èèyàn tún lè fi káàdì ra ẹ̀mí: tí ìdà bá fẹ́ bà á, kó ju ọ̀kan tó wà lọ́wọ́ nù, ìyà náà á fò ó. Ó dùn lójú ẹsẹ̀, àmọ́ akọni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá pàápàá, tí kò bá ti rí méjì yàn mọ́, tí kò sì lè sinmi, ti jáde nínú eré nìyẹn.

Ibi tó dùn jù nínú eré yìí, lójú tèmi, ni pé àjùmọ̀ṣe ò pa ìmọtara-ẹni. Ẹni tó bá ṣa owó nílẹ̀ ló ni ín. Olúkúlùkù tún ní iṣẹ́ àṣírí. Ọ̀kan ń ní kéèyàn parí pẹ̀lú káàdì márùn-ún ó kéré tán. Ẹni tó gba irú rẹ̀ lè máa ṣọ́ káàdì tirẹ̀ nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gba ìyà lẹ́nu ọ̀nà.

Tí gbogbo akọni bá jáde bẹ́ẹ̀, wọ́n fìdí rẹmi. Owó àti ìrírí tí wọ́n ti kó jọ ṣì jẹ́ tiwọn, wọ́n sì lè tún ibẹ̀ wọ̀.