Kí ló dé tí ariwo kíláàsì ń pọ̀ sí i nígbà tí olùkọ́ bá ń jágbe?

Ìbéèrè: Bí mo ṣe ń jágbe mọ́ wọn tó, bẹ́ẹ̀ ni ariwo wọn ń pọ̀ tó. Kí ló fà á?

Ohun mẹ́ta ló pa pọ̀. Èkíní jẹ́ ti ara: bí ariwo bá ti yí ènìyàn ká, ohùn rẹ̀ á máa gòkè láìmọ̀. Dókítà ará Faransé kan, Étienne Lombard, ṣàlàyé èyí ní 1911, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pè é títí di òní. Igbe olùkọ́ jẹ́ ariwo kún ariwo. Ọmọ tó ń bá ẹnìkejì rẹ̀ sọ̀rọ̀ á gbóhùn sókè kí wọ́n lè gbọ́ ọ. Èkejì, olùkọ́ tó ń sọ̀rọ̀ nígbà tí àwọn ọmọ náà ń sọ̀rọ̀ ń fi hàn wọ́n pé kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ẹ̀kẹta ló lágbára jù: ọmọ tí wọ́n bá pariwo orúkọ rẹ̀, gbogbo ojú á yí sí i. Bó bá jẹ́ pé ojú àwọn ènìyàn ló ń wá, ó ti rí i gbà nìyẹn.

Ìbéèrè: Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń dákẹ́ tí mo bá ti jágbe. Ṣé kò ṣiṣẹ́ ni?

Ó ń ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, ohun tó sì ń tan olùkọ́ jẹ nìyẹn. Iye ìgbà tí ẹ ní láti jágbe láàárín ọ̀sẹ̀ kan ni kí ẹ máa kà. Ní 1968, àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà, Charles Madsen, Wesley Becker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, ṣọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kìíní tó ń dìde kúrò lórí ìjókòó. Nígbà tí àwọn olùkọ́ túbọ̀ ń sọ pé kí wọ́n jókòó, ṣe ni àwọn tó ń dìde pọ̀ sí i. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yin àwọn tó jókòó ti iṣẹ́ wọn ni ó tó dínkù.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe lè mú kí wọ́n dákẹ́ láìjágbe?

Ẹ mú àmì kan ṣoṣo: kí ẹ na ọwọ́ sókè, kí ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tàbí kí ẹ lu agogo kékeré. Ẹ dúró sí ojú kan náà nígbà gbogbo. Ẹ ṣe àmì yín, ẹ sọ gbólóhùn kan péré, bíi "Ẹ gbé bírò sílẹ̀, ẹ wò mí," kí ẹ wá dúró. Dídúró yìí ló ṣòro jù, torí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá máa ń gùn lójú ẹni tó wà níwájú. Olùkọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nígbà tí ọmọ mẹ́rin ṣì ń sọ̀rọ̀, wọ́n á di mẹ́jọ lọ́la, nítorí wọ́n ti rí i pé àmì náà kò ní láárí. Bí gbogbo rẹ̀ bá ti rọlẹ̀, ẹ fi ohùn tó relẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ẹ máa fi àmì náà dánra wò lójoojúmọ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ sáà, nígbà tí ara gbogbo yín balẹ̀. Ibi tó sábà máa ń bàjẹ́ ni pípín bébà kí ẹ tó ṣàlàyé iṣẹ́: bí bébà bá ti dé ọwọ́ ọmọ, etí rẹ̀ ti kúrò lọ́dọ̀ yín. Ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tí wọ́n máa ṣe, iye ìṣẹ́jú tí wọ́n ní, bóyá wọ́n lè sọ̀rọ̀, àti ohun tí ẹni tó bá tètè parí yóò ṣe. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kan tún un sọ. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ pín bébà.

Ìbéèrè: Ọmọ kan ṣoṣo ló ń da gbogbo wọn rú ńkọ́?

Ẹ bá a wí kí òun nìkan gbọ́. Ní 1970, olùwádìí ará Amẹ́ríkà kan, Daniel O'Leary, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé ìdàrúdàpọ̀ ọ̀pọ̀ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ dínkù nígbà tí olùkọ́ rọra bá wọn wí létí. Nígbà tí olùkọ́ padà sí ìbáwí tí gbogbo kíláàsì ń gbọ́, ó tún pọ̀ sí i.

Ẹ máa kọ́ni lọ bí ẹ ṣe ń rìn lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ má dúró níwájú rẹ̀. Ẹ pe orúkọ rẹ̀, kí ẹ sọ ohun tó yẹ kó ṣe: "Ìbéèrè kẹta ló kàn." Ẹ má sọ pé "Kí lò ń ṣe yẹn?", torí ó máa fèsì, èsì rẹ̀ á sì di àríyànjiyàn. Lẹ́yìn náà, ẹ kúrò níbẹ̀. Bí ẹ bá dúró tì í, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á máa wo ẹni tí yóò borí. Bí ẹ bá kúrò, ó lè gbọ́ràn láìtẹ́.

Ẹ tún fi ọjọ́ márùn-ún kọ ọ́ sílẹ̀: aago mélòó ni, iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe, kí ló ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ tó jẹ́ pé ìgbà ìwé kíkà nìkan ló ń dàrú, ó ṣeé ṣe kó má lè ka ohun tó wà níwájú rẹ̀, tàbí kó má rí pátákó dáadáa. Bí ẹ bá lé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ síta, ohun tó ń wá gan-an lẹ fún un: ó ti bọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́ tó ń sá fún.

Ìbéèrè: Mo ti gbójú kúrò lára rẹ̀, ó tún le sí i.

Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ọmọ tó jẹ́ pé ariwo ẹ̀ẹ̀kan ló fi ń gba èsì tẹ́lẹ̀ á kọ́kọ́ pariwo lẹ́ẹ̀mẹ́ta, á lu dẹ́sìkì, kó tó gbà pé ọ̀nà yẹn ti dí. Olùkọ́ tó bá jágbe ní ọjọ́ kẹta ti kọ́ ọ pé dẹ́sìkì lílù ló yẹ kó máa fi bẹ̀rẹ̀. Gbígbójú kúrò nìkan kò sì tó. Gbàrà tó bá kọjú sí iṣẹ́, ẹ lọ bá a, ẹ sọ ohun pàtó tó ṣe dáadáa: "O ti ṣe méjì, méjèèjì lo gbà." Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ẹ̀rín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń mú orí rẹ̀ wú, ẹ pààrọ̀ ìjókòó rẹ̀. Ìjà àti fífi ọmọ mìíràn ṣẹ̀sín, ẹ má gbójú kúrò níbẹ̀ láé.

Ìbéèrè: Ṣé kí n jẹ gbogbo kíláàsì níyà?

Rárá. Ìwà ìrẹ́jẹ ni, ọmọ tí kò ṣe nǹkan kan á sì bi ara rẹ̀ léèrè ìdí tí òun fi dákẹ́.

Ìbéèrè: Kí wá ni àwọn tí kíláàsì wọn ń tòrò ń ṣe?

Olùwádìí ará Amẹ́ríkà kan, Jacob Kounin, fi fídíò wo ọ̀pọ̀ kíláàsì, ó sì sọ ohun tó rí ní 1970: ọ̀nà tí olùkọ́ ń gbà báni wí kọ́ ló ya wọ́n sọ́tọ̀. Ohun tí wọ́n ń ṣe kí ìdàrúdàpọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ni. Àwọn ọmọ mọ̀ pé ojú olùkọ́ wọn wà níbi gbogbo, kì í sì í dá iṣẹ́ dúró láàárín méjì láti sọ ohun mìíràn. Bí ẹ bá ń kọ nǹkan sójú pátákó, ẹ dúró ní ẹ̀gbẹ́, kí ẹ má kọ ẹ̀yìn sí wọn tán, kí ẹ sì máa wẹ̀yìn lẹ́yìn ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ iṣẹ́ àkọ́kọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó wọlé, kí ẹni tó bá ti jókòó ti mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.