Yẹtí Wo Ló Yẹ Òde Ìgbéyàwó Nínú Oòrùn Abẹ́òkúta?

Ní oṣù kejì àti oṣù kẹta, oòrùn Abẹ́òkúta kì í ṣeré. Òkúta tó yí ìlú ká á gba ooru sára lọ́sàn-án, á sì máa tú u jáde títí ilẹ̀ á fi ṣú. Síbẹ̀ gbogbo Sátidé ni ìgbéyàwó, abẹ́ kánópì sì ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń wáyé. Yẹtí ni mò ń ṣe tà. Àwọn ìbéèrè tí àwọn obìnrin máa ń bi mí ṣáájú òde àti lẹ́yìn òde ni mo kó jọ síbí.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo wọ yẹtí kan lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kò ṣe mí ní nǹkan kan. Mo wọ yẹtí yìí kan náà lọ sóde lábẹ́ kánópì, nígbà tó di ọjọ́ kejì, etí mi ń yún, ó sì wú. Kí ló fà á?

Òógùn ló fà á. Púpọ̀ nínú yẹtí tó ń dán yinrinyinrin lọ́jà kì í ṣe góòlù. Idẹ tàbí irin mìíràn ló wà nínú, omi góòlù ni wọ́n fi bò ó lójú. Lábẹ́ omi góòlù yẹn, wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ fi irin kan tó ń jẹ́ níkẹ́ẹ̀lì tẹ́ ẹ, kí ó lè dán kí ó sì le. Iyọ̀ wà nínú òógùn wa, iyọ̀ yìí ló ń jẹ níkẹ́ẹ̀lì náà díẹ̀díẹ̀ tó fi ń wọ awọ inú ihò etí. Níbi tí fáànù bá wà, tí ara kò làágùn, ohun tó máa jáde kéré. Ẹ wá jókòó láti aago mọ́kànlá títí di ìrọ̀lẹ́ lábẹ́ kánópì, kí ẹ tún dìde jó, ìhà ibẹ̀ ò ní gbẹ rárá.

Kì í ṣe gbogbo ara ló kọ níkẹ́ẹ̀lì. Ara tó bá sì kọ̀ ọ́, kì í sábà fi hàn lójú ẹsẹ̀. Ó lè tó wákàtí 12, ó lè di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, kí ìyún tó bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń di ẹ̀bi ru ẹja tí wọ́n jẹ lóde tàbí ẹ̀fọn. Ènìyàn sì lè lo níkẹ́ẹ̀lì fún ọdún púpọ̀ láìsí wàhálà kí ara rẹ̀ tó kọ̀ ọ́. Bí ó bá ti wá kọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò máa rí lọ, kò sí oògùn tó ń mú un kúrò pátápátá. Ó wọ́pọ̀ lára obìnrin ju ọkùnrin lọ, nítorí àwa la máa ń lu etí.

Ní ilẹ̀ Yúróòpù, wọ́n ti ṣòfin lórí ọ̀rọ̀ yìí láti ọdún 1994. Bí òfin náà ṣe wà báyìí, ọ̀pá yẹtí tó ń wọ ihò ara kò gbọdọ̀ tú ju 0.2 máíkírógíráàmù níkẹ́ẹ̀lì jáde lórí sẹ̀ǹtímítà kan níbùú lóròó láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Kékeré ni iye yẹn, kò ṣeé fojú rí rárá. Ẹ lè rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ kí ènìyàn kàn máa ṣe àkẹ́jù.

Ìbéèrè: Tèmi kì í yún, ṣùgbọ́n ibi tí yẹtí wà máa ń di àwọ̀ ewé.

Bàbà nìyẹn, òógùn ló pàdé rẹ̀. Ọṣẹ àti omi á fọ̀ ọ́ kúrò. Ó kàn fi hàn pé omi góòlù tó wà lójú yẹtí ti ń ṣí ni.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó dára tí mo bá dé ọjà Kútọ̀ tàbí Pánṣẹ́kẹ́?

Ẹ má kọ́kọ́ wo iwájú yẹtí. Ẹ yí i padà, kí ẹ wo ọ̀pá tó máa wọ ihò etí, nítorí òun nìkan ló ń gbé inú ẹran ara yín. Iwájú lè jẹ́ gíláàsì, ó lè jẹ́ rọ́bà, kò pa yín lára.

Bí ẹni tó ń tà á bá ní góòlù ni, ẹ bi í pé nọ́ńbà dà. Wọ́n máa ń tẹ̀ ẹ́ sára ọ̀pá náà tàbí sí ẹ̀yìn yẹtí, kékeré bíńtín. 750 ni káráàtì 18, ìyẹn ni pé ìdá 75 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ góòlù. 585 ni káráàtì 14, 375 ni káráàtì 9. Fàdákà tó dára máa ń ní 925 lára. Ènìyàn burúkú lè tẹ nọ́ńbà èké o, nítorí náà ẹ rà á lọ́wọ́ ẹni tí ẹ lè padà wá bá. Ẹ ṣọ́ra fún góòlù funfun, àwọn kan máa ń po níkẹ́ẹ̀lì mọ́ ọn.

Mo ti rí àwọn tó ń mú òòfà lọ sọ́jà, tí wọ́n ń sọ pé bí yẹtí kò bá lẹ̀ mọ́ ọn, kò sí níkẹ́ẹ̀lì níbẹ̀. Ìyẹn ò dá mi lójú rárá. Òòfà máa ń fa níkẹ́ẹ̀lì tó dá wà, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti po níkẹ́ẹ̀lì mọ́ irin mìíràn, ó lè má fà á mọ́. Omi kan wà tí wọ́n ń fi òwú pa á lára irin, tí òwú náà á sì pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí níkẹ́ẹ̀lì bá ń jáde. Òun ni kí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé, bí ẹ bá rí i rà.

Irin tó ń jẹ́ titanium ni mo fẹ́ràn jù fún ẹni tí etí rẹ̀ kì í gba nǹkan. Ó fúyẹ́, òógùn kì í jẹ ẹ́.

Ìbéèrè: Kò sówó góòlù lọ́wọ́. Kí ni kí n ṣe?

Aṣọ ni kí ẹ fi ṣe é. Ẹ mú àjákù àdìrẹ tí ẹ rà ní Ìtòkú tàbí ti aṣọ ẹbí yín gan-an, kí wọ́n fi bo bọ́tìnnì tàbí páálí líle. Ó fúyẹ́, oòrùn kì í mú un gbóná bíi ti irin tó ń jó ọrùn, ó sì bá aṣọ yín mu. Igbá àti igi náà dára. Ibi tí wọ́n ti máa ń kó ìṣòro bá a ni ọ̀pá tàbí ìkọ́ tí wọ́n so mọ́ ọn, irin pọ́ọ́kú ni. Ẹ sọ fún ẹni tó ń ṣe é kó fi ìkọ́ fàdákà tàbí titanium pààrọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá kùn ún ní ọ̀dà èékánná tí kò láwọ̀, kó sì gbẹ dáadáa, ó lè gbà yín lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n ó máa ń ṣí, ẹ má fi í ṣe àṣà.

Ìbéèrè: Gèlè ńkọ́? Ṣé yẹtí ńlá àti gèlè lè jọ wà?

Wọ́n lè jọ wà, ṣùgbọ́n etí ló máa jìyà rẹ̀. Nígbà tí ọlọ́gèlè bá ń fa gèlè yín le, apá òkè etí á wọ inú aṣọ, ìsàlẹ̀ rẹ̀ nìkan ló máa ṣẹ́kù síta. Bí yẹtí bá fẹ̀, etí gèlè á máa tì í, ọ̀pá náà á sì dagun nínú ihò. Òógùn tó ń ṣàn láti abẹ́ gèlè gba ẹ̀yìn etí sọ̀kalẹ̀, ìdí yẹtí ló máa ń dúró sí. Bí ẹ bá bọ́ ọ lálẹ́, ẹ wò ó: àtíkè, òógùn àti eruku ti dì pọ̀ síbẹ̀ bí ẹrẹ̀.

Nítorí náà, yẹtí tó lẹ̀ mọ́ etí, tàbí èyí tó rọ̀ wálẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ló bá gèlè rẹ́. Ẹ kọ́kọ́ wé gèlè kí ẹ tó wọ yẹtí. Tó bá wá di àtibọ́ ọ, yẹtí ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ, nítorí òwú aṣọ òkè máa ń há ìkọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá rẹ̀, tó sì fa gèlè rẹ̀ lójijì, lè fa etí rẹ̀ ya. Etí tó bá ti ya tán kì í padà lẹ̀ pọ̀ fúnra rẹ̀, àfi kí dókítà rán an.

Ìbéèrè: Ìyàwó tó fẹ́ lo iyùn ńkọ́?

Iyùn gidi wúwo, lọ́fíńdà àti òógùn sì máa ń mú dídán rẹ̀ kúrò. Kó fín lọ́fíńdà kó tó wọ̀ ọ́. Kó fi èyí tó nípọn sí ọrùn àti ọwọ́, kó jẹ́ kí ti etí kéré.

Ìbéèrè: Mo fẹ́ lu etí mi nítorí ìgbéyàwó àbúrò mi.

Ó kéré tán, ẹ lù ú ní ọ̀sẹ̀ 6 ṣáájú. Bí ọjọ́ kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ fi yẹtí tó ń há etí ṣe é, kí ẹ sì máa bọ́ ọ bí ẹ bá ń jẹun, kí etí lè mí.

Ìbéèrè: Tèmi ti wú báyìí.

Ẹ yọ yẹtí náà, kí ẹ fi ọṣẹ tí kò le àti omi fọ ibẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ bi oníkẹ́míìsì nípa ìpara oògùn hydrocortisone ìdá 1 nínú 100, ọjọ́ díẹ̀ péré ni kí ẹ lò ó. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi ìpara tí wọ́n fi ń bóra pa á. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní oògùn líle nínú tó ń mú awọ fẹ́lẹ́. Bí omi funfun tó nípọn bá ń jáde, tí ibẹ̀ gbóná tó sì ń ro yín, tàbí tí ibà dé, ilé ìwòsàn ni kí ẹ lọ lọ́jọ́ náà. Dókítà awọ tún lè lẹ níkẹ́ẹ̀lì mọ́ yín lẹ́yìn fún ọjọ́ méjì, kó fi mọ̀ bóyá òun gan-an ni ara yín kò fẹ́.