Ẹ Jókòó Kí N Tó Wọ̀n Yín

Lọ́dọọdún, bí wọ́n bá ti ṣe AMVCA, ayẹyẹ àmì-ẹ̀yẹ àwọn òṣèré fíìmù Áfíríkà, tán l'Ékòó nínú oṣù Karùn-ún, ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e kì í tíì kanrí tí èrò fi máa ń kún ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi ní Lágeré. Ẹni tó fẹ́ ṣègbéyàwó nínú oṣù Kẹjọ ń bẹ níbẹ̀, ẹni tí ìyá rẹ̀ fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí àádọ́rin ọdún ń bẹ níbẹ̀, àwọn ọmọ Yunifásítì tó ń múra àpèjẹ ìparí ẹ̀kọ́ ló sì pọ̀ jù. Gbogbo wọn á na fọ́tò òṣèré kan sí mi lórí fóònù: "Mọ́mì, irú èyí gan-an ni mo fẹ́ o." Ọdún kẹrìndínlọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń ránṣọ ní Ifẹ̀ yìí. Mi ò tíì rí ẹyọ ẹnì kan tó bi mí pé, "Mọ́mì, báwo lẹni yìí ṣe jókòó nínú aṣọ yìí?"

Kò jókòó ni. Aṣọ ìdúró lẹ rí lórí kápẹ́ẹ̀tì pupa yẹn. Ìṣẹ́jú díẹ̀ níwájú kámẹ́rà ni wọ́n rán an fún, kí olúwa rẹ̀ fọwọ́ lé ìbàdí, kó ti ẹsẹ̀ kan síwájú. Ẹnì kan ń bá a gbé ìrù aṣọ, ẹnì kan ń bá a nu òógùn. Bí wọ́n bá ti ya fọ́tò tán, àwọn mìíràn á lọ bọ́ ọ, wọ́n á wọ òmíràn wọnú gbọ̀ngàn.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti Kim Kardashian, gbajúmọ̀ ará Amẹ́ríkà nì, ṣàlàyé. Lọ́dún 2019, níbi àpèjẹ Met Gala ní New York, ó wọ aṣọ kan tí Thierry Mugler ṣe, tó dà bíi pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lódò tí omi ṣì ń kán tótó lára rẹ̀. Kọ́sẹ́ẹ̀tì, aṣọ líle tí wọ́n fi ń fún àyà àti ikùn, tó wà lábẹ́ aṣọ náà fún débi pé ó ní láti lọ kọ́ bí èèyàn ṣe ń mí nínú rẹ̀. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ó lọ kọ́ mímí, bí ẹni ń kọ́ ìlù. Òun fúnra rẹ̀ ló sì sọ pé òun ò lè jókòó bó ṣe yẹ. Ẹni tó lówó tó bẹ́ẹ̀, tí òṣìṣẹ́ yí ká ọ̀tún àti òsì! Ẹ̀yin wá fẹ́ wọ irú rẹ̀ jẹ iyán, ẹ fẹ́ fi kúnlẹ̀ kí àwọn òbí ọkọ, ẹ fẹ́ fi jó láti aago méjì ọ̀sán títí ilẹ̀ á fi ṣú, nínú gbọ̀ngàn tí iná lè lọ nígbàkigbà.

Àwọn kan máa ń bi mí pé nínú àwọn gbajúmọ̀ yìí, ta ló wọṣọ jù, ta ló ba tirẹ̀ jẹ́. Láti 2013 tí AMVCA ti bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń wò ó, mo sì máa ń wá àwọn fọ́tò Emmy, àmì-ẹ̀yẹ ètò tẹlifíṣọ̀n ti Amẹ́ríkà, wò, èyí tí wọ́n ti ń ṣe láti 1949. Kì í ṣe òkúta dídán ni mo kọ́kọ́ ń wò. Ọwọ́ ẹni tó wọṣọ ni. Bí ọwọ́ bá ń lọ síbi àyà ní gbogbo ìgbà láti fa aṣọ sókè, ẹni tó rán aṣọ yẹn ti kùnà, ìbáà jẹ́ wúrà ni wọ́n fi dárà sí i.

Ohun tó fà á rèé, ó sì ń dùn mí pé àwọn tó ń pe ara wọn ní akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ò mọ̀ ọ́n. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọyàn ló ń gbé aṣọ tí kò lápá, tí kò sì lókùn èjìká, dúró. Ìbàdí ló ń gbé e. Nínú irú aṣọ bẹ́ẹ̀ tí a rán dáadáa, ọ̀já kan wà, rìbọ́nù líle tó fẹ̀ bí íńṣì kan, tí a rán mọ́ inú aṣọ níbi ìbàdí, tí ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́ á kọ́kọ́ fi ìkọ́ so kó tó fa sípù. Ọ̀já yẹn ló ń gba gbogbo ìwúwo aṣọ, ìlẹ̀kẹ̀ àti òkúta àti ìrù gígùn. Bí ó bá ti dì í mú, òkè aṣọ ò ní iṣẹ́ mìíràn ju kó bo àyà lọ, ẹ lè fẹ̀ ẹ́ fún èémí, kò ní yọ̀. Ẹni tí kò mọ ọ̀já inú ló ń fún àyà pa, torí kò mọ ọ̀nà mìíràn tí aṣọ ò fi ní já wálẹ̀. Ẹ yí irú aṣọ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n rán fún yín sódì, kí ẹ wò ó. Bí ẹ ò bá rí ọ̀já níbẹ̀, ẹ dá a padà.

Èyí kì í ṣe ọgbọ́n òyìnbó nìkan o. Ní 1957, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gbẹ́ ilẹ̀ ní Ìta Yemòó níhìn-ín, wọ́n rí ère idẹ Ọọ̀ni kan tó dúró gbọin láti orí dé ẹsẹ̀. Ẹ wá fọ́tò rẹ̀ wò. Ọrùn àti èjìká ló gba gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ ńláńlá yẹn, ìbàdí ni wọ́n ti so aṣọ, kò sí aṣọ tó fún agbede méjì pa, kábíyèsí ń mí fàlàlà. Àwọn baba wa mọ ibi tí ara ti ń gbẹrù.

Aṣọ tí òṣèré Osas Ighodaro wọ̀ sí AMVCA ti 2022, tí Veekee James rán, wà lára àwọn tí mo kan sáárá sí. Òkúta pọ̀ lára rẹ̀, síbẹ̀ aṣọ náà ò wọ́, kò sì kákò. Ti Michaela Coel, òṣèré àti òǹkọ̀wé eré, níbi Emmy 2021 wù mí jùyẹn lọ: ọ̀já àyà kékeré kan àti yẹ̀rì gbẹ̀ǹgẹ̀dẹ̀, aláwọ̀ tó ń tàn bí ọsàn wẹ́wẹ́ tí kò tíì pọ́n tán, tí Christopher John Rogers ṣe. Ó wọ̀ ọ́ gorí ìtàgé lọ gba àmì-ẹ̀yẹ eré kíkọ, ara rẹ̀ sì balẹ̀.

Gbogbo ayé ló ní aṣọ ẹran tútù tí olórin Lady Gaga wọ̀ síbi àmì-ẹ̀yẹ fídíò orin MTV ní 2010 ló burú jù. Mi ò fara mọ́ ọn. Mi ò ní rán an fún ọmọ mi, jíjẹ ni ẹran wà fún lọ́dọ̀ tèmi. Àmọ́ ó fi aṣọ náà rìn, ó fi gorí ìtàgé, kò tú mọ́ ọn lára. Franc Fernandez tó rán an mọ iṣẹ́. Àwọn tó burú lójú mi ni àwọn tí ìwé ìròyìn ń gbóríyìn fún, tí ẹ máa rí i nínú fídíò pé àwọn tó wọ̀ wọ́n ò lè fẹyìn ti àga.

Ti àwọn ọkùnrin ò gba àlàyé púpọ̀. Ní 2017 tí Ebuka, atọ́kùn ètò tẹlifíṣọ̀n, wọ agbádá tí Ugo Monye rán lọ síbi ìgbéyàwó olórin Banky W, ó tó oṣù mẹ́fà tí n kò fi rán nǹkan mìíràn fún ọkùnrin. Inú mi dùn. Kò sẹ́ni tí agbádá fún pa rí.

Ẹ̀yin obìnrin ni mo ń bá wí. Nígbà kan, ìyá kan gbé aṣọ kan wá kí n tún un ṣe. Ibòmíràn ni wọ́n ti rán an. Sípù rẹ̀ ló fà ya níbi ayẹyẹ, níwájú àwọn ẹbí ọkọ, ó sì ní aráyé ló fojú sí òun lára. Wọ́n ti fi òróró àdúrà yí aṣọ náà, ó ní kí èmi náà kọ́kọ́ gbàdúrà sí i kí n tó fọwọ́ kàn án. Mo mú tépù. Ìbàdí ìyá yìí jẹ́ íńṣì 36, ìbàdí aṣọ jẹ́ 33. Mo bi í ta ló fún aránṣọ ní ìwọ̀n yẹn. Ó ní òun lòun ní kí wọ́n dín in kù, pé òun máa fa ikùn mọ́ra. Íńṣì mẹ́ta yẹn ni gbogbo aráyé tó ń wá kiri. Ó ti bínú sí ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀ fún odindi oṣù kan nítorí sípù!

Ìdí tí mo fi ń ní kí oníbàárà jókòó kí n tó wọ̀n ọ́n nìyẹn. Ẹ jókòó lórí àpótí, ẹ mí kanlẹ̀, kí n wọn àyà àti ìbàdí yín. Ẹ gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tó fẹ́ náwó fún onílù, kí n tún un wọ̀n. Mo máa ń rí íńṣì kan sí méjì tó yàtọ̀ sí ti ìdúró. Íńṣì yẹn ni mo ń rán.

Àwọn tó fi oṣù mẹ́ta kọ́ṣẹ́ lórí fóònù ò fẹ́ gbọ́ èyí. Kọ́sẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń tà. Ike tí àwọn oníná fi ń di wáyà pọ̀ ni wọ́n ń kì sínú rẹ̀ dípò egungun aṣọ, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń mú kọ́sẹ́ẹ̀tì nà dúró, torí owó rẹ̀ kéré.

Mo wà níbi àpèjẹ àwọn ọmọ Yunifásítì kan lálẹ́ ọjọ́ kan, torí mo rán aṣọ fún mẹ́ta nínú wọn. Ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án, ọmọbìnrin kan dìde láti ya fọ́tò, ó sì rọra sọ̀ kalẹ̀ bí aṣọ tó bọ́ lórí okùn. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo Jésù. Ẹnì kan da omi lé e lórí, òmíràn ń wá ṣíbí tó fẹ́ kì bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó ní wàrápá ni. Ètè rẹ̀ ti ń ṣe bí eérú. Ihò imú rẹ̀ ń fẹ̀, ó ń pa dé, àyà rẹ̀ ò sì gbéra rárá.

Mo dà á dojú bolẹ̀. Wọ́n ti fa okùn ẹ̀yìn aṣọ náà débi pé ìka mi ò wọ abẹ́ rẹ̀, wọ́n wá ta á ní kókó mẹ́rin. Sísọ́ọ̀sì kì í kúrò nínú báàgì mi. Mo gé okùn náà láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń dún pó, pó. Ní èkẹfà ló mí, ó mí bí ọmọ tuntun, pẹ̀lú igbe. Nígbà tí a yí i padà, ojú ike kan tí wọ́n gé ṣóńṣó ti gún aṣọ inú já, ó wọ̀ ọ́ lára lábẹ́ ọyàn òsì. Ẹgbẹ́ rẹ̀ méjèèjì ní ìlà bí ara apẹ̀rẹ̀. Láti àárọ̀ ni kò ti jẹun, kí aṣọ lè wọ̀ ọ́.

Egungun ìhà ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣí kí èémí tó wọlé dáadáa. Bí ẹ bá dì í pa, òkè àyà nìkan lèèyàn á máa fi mí, kẹ́kẹ́kẹ́, pàápàá nínú ooru, títí ojú á fi ṣú. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀, ẹ tú aṣọ, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, kí ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹ má fi ṣíbí sí i lẹ́nu.

Lọ́sẹ̀ kejì, ọmọbìnrin tó rán aṣọ náà wá bá mi. Ọmọdé ni. Ó ń sunkún, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ibo ni mo ti ṣì í? Ìwọ̀n tó fún mi náà ni mo rán." Mo gbé àpótí fún un, mo ní kó jókòó, kó fi tépù wọn ara rẹ̀, kó sì mí. Ó wo nọ́ńbà náà, ó tún un wò. Láti ọjọ́ náà ló ti wà lọ́dọ̀ mi. Bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù mi lónìí tẹ̀yin ti fóònù yín, òun ló máa kọ́kọ́ gbé àpótí fún yín.