Kò sẹ́ni tí ìpíndọ́gba ń jí lójú oorun: bí ẹ̀hónú aládùúgbò ṣe ń di òfin ọgbà bọ́ọ̀sì

Tí wọ́n bá fẹ́ kọ́ ọgbà tí bọ́ọ̀sì akẹ́kọ̀ọ́ á máa sùn sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé àwọn èèyàn, ìwé á lọ, ìwé á bọ̀. Wọ́n á tọrọ àṣẹ, wọ́n á fi tó aládùúgbò létí, wọ́n á pe ìpàdé, ìgbìmọ̀ á sì sọ ibi tí òun fì sí. Ìyẹn kò le. Iṣẹ́ gan-an wà láàárín ìgbà tí ẹnì kan dìde pé "ariwo á pọ̀ jù" àti ìgbà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ á di gbólóhùn kan nínú ìwé àṣẹ, tí ẹnikẹ́ni lè fi ojú ara rẹ̀ wò bóyá wọ́n ń pa á mọ́.

"Ariwo á pọ̀" kò ṣeé dáhùn bó ṣe wà yẹn. Èsì kan ṣoṣo tó ní ni "kò ní pọ̀", ìjà á sì bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó mọ iṣẹ́ á béèrè: Ariwo wo? Aago mélòó? Yàrá tí ẹ ń sùn, ọ̀nà ọgbà ló kọjú sí àbí ẹ̀yìnkùlé?

Kàkà kí wọ́n béèrè bẹ́ẹ̀, ìwé ìwọ̀n ariwo ni wọ́n sábà máa ń mú jáde, ìpíndọ́gba ló sì máa ń wà níbẹ̀. Ká ní ariwo jẹ́ dẹ́sìbẹ́ẹ̀lì 60 (dẹ́sìbẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi ń wọn ariwo) fún wákàtí 1 ní ìdájí, tí wákàtí 23 tó kù sì pa rọ́rọ́. Ìpíndọ́gba ọjọ́ náà á jẹ́ nǹkan bíi 46, iye tí kò ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù. Ní Amẹ́ríkà, ìṣirò kan tó gbajúmọ̀ máa ń bu dẹ́sìbẹ́ẹ̀lì 10 lé ariwo tó bá wáyé láàárín aago 10 alẹ́ sí aago 7 àárọ̀, torí pé àsìkò oorun ni. Ó bọ́gbọ́n mu, àmọ́ ìpíndọ́gba náà ni.

Ẹ jẹ́ ká wo télọ̀ kan tó wọn bàbá, tó wọn ìyá, tó wọn ọmọ ọdún méjì, tó ro ìwọ̀n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, tó pín in sí mẹ́ta, tó wá rán ṣòkòtò mẹ́ta tó dọ́gba. Ìṣirò rẹ̀ pé. Téèpù rẹ̀ kò purọ́. Ṣùgbọ́n ti bàbá kò kọjá orúnkún, ti ọmọ ń wọ́ nílẹ̀ tuurutu. Bí wọ́n bá dá a padà, télọ̀ á tún na téèpù, á sì fi hàn wọ́n pé ṣòkòtò náà bá ìdílé yẹn mu régí. Òótọ́ ló sọ, kò sì sẹ́ni tó rí i wọ̀.

Bí ọ̀rọ̀ iye ọkọ̀ ṣe rí náà nìyẹn. Tí bọ́ọ̀sì 20 bá di 40, dẹ́sìbẹ́ẹ̀lì bíi 3 péré ni ìwọ̀n ariwo fi lé sí i, èyí tí etí lè má fura sí. Ṣùgbọ́n iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì máa ta jí ti di ìlọ́po méjì, ohun tó sì ń jí èèyàn nìyẹn.

Kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ ní aago 5:30 ìdájí? Awakọ̀ gbọ́dọ̀ yẹ ọkọ̀ wò kí ọmọ kankan tó wọ̀ ọ́. Á tan ẹ́ńjìnnì kí bíréèkì afẹ́fẹ́ lè rí afẹ́fẹ́ gbà, á dán iná wò, á tẹ fèrè, á yí ọkọ̀ ká. Lẹ́yìn náà á rìfáàsì kúrò ní àyè rẹ̀, píìpù-píìpù á sì bẹ̀rẹ̀. Ohùn ìkìlọ̀ yìí, torí kí èèyàn má baà ṣàì gbọ́ ọ ni wọ́n ṣe ṣe é bẹ́ẹ̀, kò sì sí bí kò ṣe ní wọlé lọ bá ẹni tó ń sùn. Òun náà ni oògùn rẹ̀ dùn jù lọ. Bí awakọ̀ bá ti rìfáàsì wọ àyè rẹ̀ ní ọ̀sán tó ti ibi iṣẹ́ dé, iwájú ni ó máa gbà jáde lọ́jọ́ kejì. Wọ́n tún lè fa ìlà àyè ní ìdagun, kí ọkọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ kan wọlé, kó gba èkejì jáde. Ọ̀dà lásán ni, àti ilẹ̀ tó fẹ̀ díẹ̀.

Ògiri náà ń ṣiṣẹ́, tó bá ga débi tó fi dí àárín ariwo àti etí. Ẹni tó ń sùn lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó ń rí bọ́ọ̀sì gba orí ògiri kò jẹ àǹfààní kankan níbẹ̀. Ní ti ìlà igi kan tí gbogbo èèyàn fẹ́ràn, ó ń bo bọ́ọ̀sì mọ́ ojú, kò bò ó mọ́ etí.

Ọ̀rọ̀ wá ku bí wọ́n á ṣe kọ ọ́. "Ilé-iṣẹ́ á sapá láti dín ariwo kù" kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. "Ẹ́ńjìnnì ò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ lórí ìdúró rárá" tilẹ̀ burú jù ú lọ, torí bíréèkì nílò afẹ́fẹ́. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n máa rú u, gbogbo ìwé náà á sì di yẹ̀yẹ́. Èyí tó dáa rí báyìí: kí bọ́ọ̀sì kankan má rìfáàsì kí aago 7 tó lù; kí ẹ́ńjìnnì má dúró ju ìṣẹ́jú 5 lọ lẹ́yìn tí bíréèkì bá ti gba afẹ́fẹ́; kí ọkọ̀ tó máa kọ́kọ́ jáde sùn síbi tó jìnnà sí ilé jù lọ. Ìgbàkúùgbà tí jíjìnnà bá di ìlọ́po méjì, ariwo ọkọ̀ kan máa ń fi bíi dẹ́sìbẹ́ẹ̀lì 6 lọ sílẹ̀, nítorí náà ètò ibùsùn yìí tó ògiri ṣe.

Ọgbọ́n tó wà nínú kíkọ ọ́ sínú ìwé àṣẹ ni pé ilẹ̀ ni irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń tẹ̀lé, kì í ṣe ẹni tó gbà á. Ọ̀gá tó ṣèlérí lè kúrò, ẹni tó bá rọ́pò rẹ̀ á bá gbólóhùn náà níbẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé níbi púpọ̀, kò sẹ́ni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò àfi tí aládùúgbò bá fẹjọ́ sùn, ọ́fíìsì tí wọ́n ń fẹjọ́ sùn sì máa ń ṣí nígbà tí bọ́ọ̀sì ti jáde tán. Gbólóhùn tó yẹ kí aládùúgbò kọ́kọ́ jà fún ni nọ́ńbà fóònù ẹnì kan tó wà nínú ọgbà, tó ń gbé e láti ìgbà tí ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́ bá ti tan.