Bí Ìgbóná Ṣe Ń Rí Ọ̀nà Jáde Nínú Láptọ́ọ̀pù

Kì í ṣe àìsàn ni kí láptọ́ọ̀pù gbóná. Nínú chip tó jẹ́ ọpọlọ rẹ̀, ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù transistor, ìyẹn súìṣì iná tó kéré gan-an, ló ń tàn, tó ń kú, láìsinmi. Iná tí wọ́n bá lò, ìgbóná ló ń dà níkẹyìn, orí ohun tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju èékánná àtàǹpàkò lọ ni gbogbo rẹ̀ sì ti ń jáde.

Silicon tí wọ́n fi ṣe chip ń gbé ìgbóná kọjá dáadáa. Bàbà tí wọ́n gbé lé e lórí jù ú lọ ní ìlọ́po méjì ó lé. Àárín àwọn méjèèjì gan-an ni wàhálà wà. Bó ti wù kí bàbà dán tó, ara rẹ̀ ṣì rí gbágungbàgun, afẹ́fẹ́ á sì há síbẹ̀. Bàbà fi ìlọ́po tó lé ní 10,000 ju afẹ́fẹ́ lọ nínú ká gbé ìgbóná. Torí náà ni wọ́n ṣe ń fi thermal paste, ìyẹn ohun kíki bí ọ̀rá tó ń gbé ìgbóná kọjá, díẹ̀ bí ẹyọ ẹ̀wà kan, lé afẹ́fẹ́ jáde. Ká bù ú lé e ṣìkìtì kò dára, torí òun náà kò tó bàbà.

Láti ibẹ̀, ọ̀pá bàbà pẹlẹbẹ kan ló ń gba iṣẹ́ náà. Inú rẹ̀ ṣófo, àfi omi ìwọ̀nba. Wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kúrò kí wọ́n tó dí i pa. Nítorí bẹ́ẹ̀, omi náà lè hó láì dé ìwọ̀n 100 Celsius. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ chip, á di oru, á sáré lọ sí ìdí kejì tó tutù, á já ìgbóná sílẹ̀ níbẹ̀, á sì padà di omi. Ohun kan tó wà lára ọ̀pá nínú ló ń fà á padà, bí òwú fìtílà ṣe ń fa epo. Kò sí ẹ́ńjìnnì kankan níbẹ̀. Ọgbọ́n ńlá ni.

Ní ìdí tó tutù yẹn, ọ̀pọ̀ irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló tò bí eyín ìyarun, fáànù á sì máa fẹ́ atẹ́gùn gba àárín wọn jáde.

Bí ìgbóná kò bá rí ọ̀nà lọ, tí chip sì ń sún mọ́ 100, òun fúnra rẹ̀ á dín eré kù. Tó bá tún le jù bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ á kú lójijì. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní fáírọ́ọ̀sì ni, tàbí pé ẹ̀rọ ti gbó. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, bí a bá tú ìdí rẹ̀, eruku tó ti dì bí aṣọ onírun ló bo ẹnu eyín irin wọ̀nyẹn: fáànù ń yí kíkankíkan, atẹ́gùn kò sì rí ibi gbà.