"Ṣé Ẹ̀yin Lẹ Máa Ń Nu Ìdí Arúgbó, Mà?"

Ọmọ kíláàsì karùn-ún kan ló bi mí ní ìbéèrè yìí ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Rẹ́mọ, lọ́jọ́ tí wọ́n pè wá kí á wá ṣàlàyé iṣẹ́ wa fún àwọn ọmọ. Lọ́yà sọ tirẹ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́. Sójà dé, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ wó ilé. Ó kàn mí, mo ní nọ́ọ̀sì ni mí, àwọn àgbàlagbà ni mo ń tọ́jú jù, ọmọ náà bá nawọ́. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà wọn ti ń wá pàṣán, mo ní kó fi í sílẹ̀, torí mo mọ ibi tó ti gbọ́ ọ. Mélòó nínú wa, láti Ṣágámù títí dé Ìjẹ̀bú-Òde, ni kò tíì fi mọ̀lẹ́bí tó ń ṣe kẹ́à ní London ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìdí arúgbó ló ń nù níbẹ̀? Owó tó ń fi ránṣẹ́ là ń gbà, iṣẹ́ náà ni a kì í fẹ́ dárúkọ.

Mo dá ọmọ náà lóhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, mo máa ń nù ún. Mo sì mọ̀ ọ́n nù." Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń wá ọ̀nà tí mo lè gbà fi "mọ̀ ọ́n nù" yẹn han ọmọdé. Ìtàn aláwòrán, tí àwọn ọmọ ń pè ní kọ́míìkì, ni mo rí.

Kì í ṣe nǹkan àjèjì sí wa. Àwọn àgbà yóò rántí Atọ́ka, ìwé ìròyìn tó ń fi fọ́tò àwọn òṣèré sọ ìtàn, tí ọ̀rọ̀ oníkálukú wà lẹ́bàá ẹnu rẹ̀. Ní Jàpáánù, níbi tí àwọn tó ti pé ọdún 65 sókè ti súnmọ́ 30 nínú èèyàn 100, wọ́n máa ń tẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kí wọ́n lè mọ iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó. Láti ọdún 2000 ni òfin ti ní kí ẹni tó bá ti pé ogójì ọdún níbẹ̀ máa san owó adójútòfò fún ìtọ́jú ọjọ́ ogbó. Wọ́n lówó, wọ́n lófin, síbẹ̀ òṣìṣẹ́ ò tó wọn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀.

Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe kò dára rárá. Èmi àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kọ pátákó ìpolówó la jọ ṣe é. Ojú àwòrán mẹ́jọ ló ní, ìwàásù ni mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ: ẹ bọ̀wọ̀ fún àgbà, ẹ̀yin náà ó dàgbà, bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Àwọn ọmọ kà á, wọ́n dá a padà, ẹnikẹ́ni ò bèèrè nǹkan kan. Ọmọ Rẹ́mọ wo la ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kọ́ pé kó dọ̀bálẹ̀ kí àgbà? Òwe òkété yẹn gan-an wà lára ohun tó ń dà wá láàmú, torí ó ti jẹ́ ká gbà pé ẹni tó bá ti bímọ ti ní nọ́ọ̀sì. Ọmọ lè fẹ́ràn bàbá rẹ̀ bí ojú, kó má mọ bí wọ́n ṣe ń yí ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀.

Nínú ìkejì, yíyí yẹn nìkan ni a yà. Aago ara ògiri sọ aago mẹ́wàá. Bàbá fẹ̀gbẹ́ òsì lélẹ̀, nọ́ọ̀sì ní, "Bàbá, mo fẹ́ yí yín o." Lẹ́yìn náà, ó ká orúnkún Bàbá sókè, ó gbé apá wọn lé àyà. Lẹ́yìn ìyẹn, ọwọ́ rẹ̀ kan wà ní èjìká wọn, ìkejì ní ìbàdí, orúnkún tirẹ̀ náà tẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ nà. Nínú àwòrán tó kẹ́yìn, aago lu méjìlá, Bàbá sì ti kọjú síhìn-ín.

Kí ló dé tó jẹ́ wákàtí méjì-méjì? Àwọn ọmọ ni wọ́n bèèrè, èmi kọ́. Mo ní kí wọ́n jókòó lé ẹsẹ̀ wọn. Kò pẹ́ tí ọ̀kan fi ké pé ẹsẹ̀ òun ti kú tipiri. Mo ní ohun tó ń ṣe Bàbá nìyẹn, àmọ́ Bàbá ò lè dìde. Níbi tí eegun bá ti tẹ ẹran ara mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ní ìdí, ní ìbàdí, ní gìgísẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kì í rí ọ̀nà kọjá dáadáa, awọ ibẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ohun tó bẹ̀rẹ̀ bí àmì pupa lásán lè di egbò tó jìn dé eegun. Ọmọbìnrin kan wá bèèrè ohun tí nọ́ọ̀sì ń ṣe láàárín aago mẹ́wàá sí méjìlá, torí a ò yà á. Kí n tó lanu, ẹnìkejì rẹ̀ ti fèsì: "Ó lọ yí ẹlòmíì." Nínú àlàfo tó wà láàárín àwòrán méjì ni ọmọ ti rí gbogbo wọ́ọ̀dù.

Mi ò sì sá fún ìdí nínù. Omi lílọ́ wọ́rọ́wọ́ nínú bésìn, aṣọ ìnura méjì, ìbọ̀wọ́. Ojú àwòrán tó tẹ̀ lé e, ilẹ̀kùn tí a tì ni, kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀ ju ohùn tó ń jáde lọ: "Ìyá, láti iwájú ni mo ti ń nù ún lọ sẹ́yìn o." "Omi yẹn tù mí lára." Lẹ́yìn náà, Ìyá ti jókòó, wọ́n ti ró ìró, wọ́n ń bèèrè ìkọ́kọrẹ́ wọn. Ọmọ tó bá bèèrè ìdí tó fi jẹ́ iwájú sí ẹ̀yìn ti bá mi dé ẹ̀kọ́ nípa kòkòrò àrùn tó ń ti inú ìgbẹ́ wọ ojú ara lọ síbi ìtọ̀. Èyí tó bèèrè ìdí tí a fi ti ilẹ̀kùn, mo sọ fún un pé ìtìjú Ìyá ò darúgbó. Ìkọ́kọrẹ́ náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀: ó rọ̀ lọ́fun, àmọ́ ẹ yọ egungun ẹja inú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí Ìyá jókòó gbọọrọ kí wọ́n tó jẹ ẹ́, kí wọ́n má sì tètè padà dùbúlẹ̀. Mo sì ní òfin kan fún ẹni tó bá fẹ́ ya irú èyí: bí arúgbó inú rẹ̀ kò bá sọ̀rọ̀, ẹ fà á ya.

Ojú ìwé tó ṣòro jù ni ti ẹni tó ń ṣarán. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, Ìyá á di ẹrù, wọ́n ní àwọn ń lọ sọ́jà Òkè-Àjẹ. A ya ohun tó wà lọ́kàn wọn: ọmọge ni wọ́n, igbá wà lórí. Nọ́ọ̀sì ò bá wọn jiyàn. Ó ní, "Kí lẹ fẹ́ tà lónìí, Ìyá?" Ó bá wọn rìn dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń sọ iye tí wọ́n ń ta ẹ̀wà nígbà náà, wọ́n sì jọ padà wọlé. Ó yẹ kí ọmọ tètè rí èyí, torí nínú fíìmù, àjẹ́ ni ìyá tó bá ṣìnà lóru tó sì ń dá sọ̀rọ̀. Wọ́n ti lu irú wọn rí láàárín àdúgbò. Àìsàn ọpọlọ ni.

Ẹ̀yìn ìwé ni mo kọ ibi tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ náà sí. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì nílò kírẹ́díìtì márùn-ún: Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, báyọ́lọ́jì, kẹ́mísìrì àti físíìsì. Wọ́n ń kọ́ ọ ní yunifásítì Babcock ní Ìlíṣàn. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìmọ̀ ìlera ti ìpínlẹ̀ wa wà ní Ilese-Ìjẹ̀bú, ilé ìwòsàn ńlá OOUTH wà ní Ṣágámù, ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn sì ti ní ibùdó tó wà fún àgbàlagbà nìkan láti 2012. Ẹ̀yin òbí tó jẹ́ físà lẹ ń wò nínú iṣẹ́ yìí, ní oṣù keje ọdún 2025 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti dá gbígba òṣìṣẹ́ kẹ́à tuntun láti òkè òkun dúró. Arúgbó ò tán nílé.

Bí ẹ bá fẹ́ dán an wò ní kíláàsì yín, ẹ má ya ojú ìyá àgbà kan tí àdúgbò mọ̀. Ẹ sì kọ ọ́ gàdàgbà pé ọmọdé kì í gbé àgbà tó bá ṣubú, kó sáré pe àgbà mìíràn ni, torí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí, àwọn nìkan ló wà nílé pẹ̀lú ìyá àgbà.

Ọmọ tó bi mí ní ìbéèrè ọjọ́ yẹn ti ka ìkejì. Ó ní mo ṣì í. Fáànù tí a yà sókè bẹ́ẹ̀dì Bàbá, ó ní iná kì í sí lọ́sàn-án nílé bàbá àgbà òun, abẹ̀bẹ̀ lòun fi ń fẹ́ wọn. A ti pa fáànù rẹ́.