Ìjọba ìbílẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀

Ìgboro Ilé-Ifẹ̀, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, kì í ṣe ti ìjọba ìbílẹ̀ kan ṣoṣo. Méjì ló pín in: Ààrin Gbùngbùn Ifẹ̀, tí sẹkitéríàtì rẹ̀ wà ní Ajébándélé, àti Ìlà-Oòrùn Ifẹ̀, tí tirẹ̀ wà ní Òkè-Ògbó. Lẹ́nu ará ìlú, Ifẹ̀ Sẹ́ńtírà àti Ifẹ̀ Íísì ni wọ́n ń jẹ́. Méjì mìíràn tún ń jẹ́ orúkọ Ifẹ̀, Àríwá Ifẹ̀ tí olú-ìlú rẹ̀ jẹ́ Ìpetumodù, àti Gúúsù Ifẹ̀ tí olú-ìlú tirẹ̀ jẹ́ Ifẹ̀tẹ̀dó. Àwọn wọ̀nyí ló kó ọ̀pọ̀ ìlú kéékèèké àti abà oko kòkó tó yí Ifẹ̀ ká. Nínú ìkànìyàn ọdún 2006, ènìyàn 167,254 ni wọ́n kà ní Ààrin Gbùngbùn, wọ́n sì ka 188,087 ní Ìlà-Oòrùn. Àlejò tó bá ń rìn nígboro lè kọjá láti ọ̀kan bọ́ sí èkejì láìfura.

Àdúgbò àti ìjòyè

Kí ìwé òfin tó dé, àdúgbò márùn-ún ni wọ́n fi ń ka Ifẹ̀: Ìrémọ, Ìlárè, Ìlódè, Òkèrèwè àti Mọ̀ọ̀rè. Agbo ilé ló para pọ̀ di àdúgbò, baálé ló sì ń darí agbo ilé. Ẹjọ́ tí baálé kò bá rí parí ló ń dé iwájú ìjòyè àdúgbò. Èyí tó bá ju ti ìjòyè lọ ló ń dé Ẹnuwá, níbi tí ààfin Ọọ̀ni wà. Ọ̀nà méjì ni àwọn ìjòyè náà pín sí. Àwọn Àgbà Ifẹ̀, tí Ọbalúfẹ̀ ti Ìrémọ jẹ́ olórí wọn, ló ń gbẹnu sọ fún ìlú. Àwọn Mọdẹ́wá, tí Lọ́wá jẹ́ olórí wọn, ló mójú tó ọ̀rọ̀ ààfin.

Ètò yìí kò parẹ́ nígbà tí káńsù dé. Wọ́ọ̀dù 11 ló wà ní Ààrin Gbùngbùn Ifẹ̀: márùn-ún ń jẹ́ Ìrémọ, mẹ́rin ń jẹ́ Ìlárè, Àkàràbàtà àti Mọ̀ọ̀rè-Ọjàjà ló kù. Nínú wọ́ọ̀dù 10 tó wà ní Ìlà-Oòrùn, Ìlódè, Òkèrèwè àti Modákẹ́kẹ́ ló gba èyí tó pọ̀ jù, tí wọ́n fi nọ́ńbà yà wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Káńsẹ́lọ̀ tó bá fẹ́ wọlé ní Ìrémọ, àdúgbò tí àwọn baba rẹ̀ ti ń jòyè ló ń tọrọ ìbò ní, kò sì sí bí kò ṣe ní í kí àwọn àgbà ibẹ̀ kó tó lẹ pósítà.

Láti ọwọ́ ọba bọ́ sọ́wọ́ káńsù

Láyé òyìnbó, Ọọ̀ni gan-an ni Native Authority, ìyẹn aláṣẹ ìbílẹ̀ tí òyìnbó fi ń ṣàkóso ìlú. Lórúkọ rẹ̀ ni wọ́n ń gba owó orí, lórúkọ rẹ̀ ni kóòtù ìbílẹ̀ ń jókòó, akódà ló sì ń lọ pe olùjẹ́jọ́ wá. Ṣùgbọ́n wolé-wolé ni òṣìṣẹ́ ìjọba tí obìnrin ilé mọ̀ jù lọ. Yóò gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, yóò ṣí ìdérí àmù, yóò sì tẹjú mọ́ omi bóyá tanwíji ń jó nínú rẹ̀. Bó bá rí i, ìwé kóòtù ló kàn. Nílé tí àmù bá pọ̀ sí, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wọ́n ju ti ọlọ́pàá lọ.

Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí, tó gorí ìtẹ́ ní 1930 tó sì wà níbẹ̀ títí di 1980, ló rí gbogbo ìyípadà náà ṣojú. Akọ̀wé rélùwéè ni tẹ́lẹ̀, ó sì tún ṣòwò kó tó jọba. Ní 1932 ó dá Odùduwà Kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀. Ó jẹ́ ààrẹ Ilé Ìgbìmọ̀ Lọ́balọ́ba Ìwọ̀-Oòrùn, ó sì ṣe gómìnà ẹkùn náà láti 1960 di 1962. Òfin ìjọba ìbílẹ̀ ti Ìwọ̀-Oòrùn, ti ọdún 1952, ló ti kọ́kọ́ kó ọ̀pọ̀ àga káńsù fún àwọn tí ará ìlú dìbò yàn. Àtúnṣe ọdún 1976, láyé ìjọba ológun Ọbásanjọ́, ló wá sọ ìjọba ìbílẹ̀ di ìpele kẹta ìjọba káàkiri Nàìjíríà, tó sì mú ọba kúrò nídìí àpò owó. Ìmọ̀ràn ló kù lọ́wọ́ ọba lábẹ́ òfin. Ní ti ìṣe, ọ̀rọ̀ gbogbo ò yé gba Ẹnuwá kọjá. Ọ̀rànmíyàn ni wọ́n ń pe ìjọba ìbílẹ̀ Ifẹ̀ nígbà náà.

Ọ̀rọ̀ Ìlà-Oòrùn Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́

Ibi tí wọ́n máa kọ́ sẹkitéríàtì sí ni ọ̀rọ̀ tó le jù nínú ìtàn ìjọba ìbílẹ̀ ní Ifẹ̀, ó sì le ju ohun tí wọ́n ń ṣe nínú rẹ̀ lọ. Àwọn ará Ọ̀yọ́ tó sá fún ogun lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́-Ilé tú ni wọ́n tẹ Modákẹ́kẹ́ dó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí Ọọ̀ni Abẹ́wéílà fún wọn nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú. Ogun 1849 àti ti 1882 lé àwọn ará Ifẹ̀ kúrò nílé wọn. Ní 1909, àwọn Modákẹ́kẹ́ ni ìjọba òyìnbó tú ká, kí wọ́n tó tún padà wá lẹ́yìn bí ọdún mẹ́wàá ó lé. Lẹ́yìn ìyẹn, kòkó ni. Àgbẹ̀ Modákẹ́kẹ́ tó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ Ifẹ̀ ń san ìṣákọ́lẹ̀, àwọn kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé títí dìgbà wo. Òfin Ilẹ̀ ti 1978, tó fi ilẹ̀ sábẹ́ gómìnà tó sì fún ìjọba ìbílẹ̀ lágbára láti fọwọ́ sí ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ tí kì í ṣe ti ìgboro, mú kí ó tún ṣe kókó ẹni tí káńsù wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Modákẹ́kẹ́ ń béèrè ìjọba ìbílẹ̀ tiwọn. Ifẹ̀ ní ilẹ̀ Ifẹ̀ ni, a kì í sì í gé e. Ìjà bẹ́ ní 1981, ó tún bẹ́ ní 1983. Nígbà tí ìjọba Abacha dá ìjọba ìbílẹ̀ tuntun sílẹ̀ ní 1996, Ìlà-Oòrùn Ifẹ̀ wà lára wọn. Wọ́n kéde ibì kan fún olú-ilé-iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n yí i padà, wọ́n sì tún un yí kó tó dúró sí Òkè-Ògbó. Bí wọ́n ti ń gbé e kiri ni iná ń ràn. Láti 1997 di 2000 ni ìjà náà fi lọ sókè sódò. Ẹ̀mí ṣòfò, wọ́n sun ilé, àwọn tí wọ́n fẹ́ ara wọn láti ìlú méjèèjì sì di ẹni tí kò mọ ìhà tí yóò sá sí. Ní 2000 ni ìjọba Ọbásanjọ́ gbé ìgbìmọ̀ àlàáfíà kan kalẹ̀, tí Ọlábọ̀dé George jẹ́ alága rẹ̀.

Àbájáde tó wà nílẹ̀ títí di ìsinsìnyí ni Area Office Modákẹ́kẹ́, ẹ̀ka Ìlà-Oòrùn Ifẹ̀ tó ń dá ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń sọ pé ìjọba ìbílẹ̀ 30 àti Area Office kan ló wà ní Ọ̀ṣun. Ọgbọ́n àtipa iná ni, nítorí Area Office kò sí nínú orúkọ tí ìwé òfin Nàìjíríà kọ sílẹ̀. Kí orúkọ kan tó wọ ibẹ̀, abala kẹjọ òfin 1999 ní kí ará agbègbè dìbò sí i, kí ilé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ fọwọ́ sí i, kí Abuja sì tún òfin ṣe. Gómìnà kò lè dá a ṣe.

Ohun tí ará ìlú ń bá lọ síbẹ̀

Ọjà, gáréèjì, ilé ẹran, itẹ́ òkú, orúkọ òpópónà àti nọ́ńbà ojúlé, ìwé ìbí àti ìwé ikú wà lára iṣẹ́ tí òfin 1999 fún ìjọba ìbílẹ̀. Wọ́n tún kọ ìwé àṣẹ kẹ̀kẹ́, ọkọ̀ ojú omi àti ọmọlanke mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀kadà kò sí níbẹ̀.

Ohun tó ń gbé ọ̀dọ́ dé sẹkitéríàtì jù ni ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀. Ẹni tó fẹ́ wọ yunifásítì tàbí tó ń wá iṣẹ́ ìjọba gbọ́dọ̀ ní in. Yóò kọ orúkọ agbo ilé rẹ̀ àti àdúgbò rẹ̀. Nígbà púpọ̀, baálé tàbí ìjòyè ni yóò jẹ́rìí kí káńsù tó lu òǹtẹ̀. Ẹni tí wọ́n bí sí Lágere nígboro Ifẹ̀ tó dàgbà síbẹ̀, àmọ́ tí baba rẹ̀ wá láti ìlú mìíràn, ìlú baba rẹ̀ ni yóò padà sí lọ gba tirẹ̀.

Ní ọjà Odò-Ògbè àti Ọjà-Tuntun, agbowó káńsù ló ń já tíkẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n Ìyálọ́jà àti àwọn olórí ẹgbẹ́ ọjà, ẹlẹ́ja, aláṣọ, ẹlẹ́ran, ló ń pín àyè, tí wọ́n sì ń parí ìjà. Bí ẹni méjì bá ń jà sí ìsọ̀, tọ̀dọ̀ ìyá ọjà ni wọ́n ń kọ́kọ́ lọ, kì í ṣe Ajébándélé.

Owó àti ìdìbò

Nínú owó àpapọ̀ Nàìjíríà, ìdá 20.60 nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀. Àpò àjùmọ̀ní pẹ̀lú ìpínlẹ̀ ni owó yìí máa ń gbà kọjá, níbi tí owó oṣù olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ń jáde kí káńsù tó rí èyí tó kù. Ní ọjọ́ 11 oṣù Agẹmọ 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ pé kí owó káńsù máa lọ sọ́dọ̀ káńsù tààrà, kí wọ́n sì má san án fún ìgbìmọ̀ tí gómìnà yàn láìdìbò.

Ọ̀ṣun kò rójú jẹ ìdájọ́ náà. Kóòtù ti kọ́kọ́ fagi lé ìdìbò oṣù Ọ̀wàrà 2022. Nígbà tí kóòtù kòtẹ́milọ́rùn sọ̀rọ̀ lóṣù Èrèlé 2025, ẹgbẹ́ òṣèlú APC ní àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òun tó wọlé nínú ìdìbò 2022 náà ti padà sípò, ìjọba ìpínlẹ̀ ní kò rí bẹ́ẹ̀, ìdìbò mìíràn sì wáyé lọ́jọ́ 22 oṣù kan náà. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ káńsù, NULGE, ní kí ọmọ ẹgbẹ́ wọn jókòó sílé, owó sì há sí Abuja.

Nígbà tí káńsù bá ti báyìí dákẹ́, ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù ló ń ṣiṣẹ́. Àwọn ló ń dáwó tiransifọ́mà, tí wọ́n ń da òkúta sójú ọ̀nà tó bàjẹ́, tí wọ́n ń sanwó ọlọ́dẹ, tí wọ́n sì ń gbé géètì sẹ́nu àdúgbò. Ayálégbé náà máa ń san tirẹ̀ nínú owó ọlọ́dẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í sábà pè é sípàdé.